Sáfíìsì Àkọ́kọ́ fún Ọkọ̀ Tuntun: Ẹ Má Ṣe Wo Kìlómítà Nìkan

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun bá wọ ọgbà ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndó, ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Àwọn ará ilé á jáde, àwọn aládùúgbò á wá kíni kú oríire, pásítọ̀ tàbí ààfáà á gbàdúrà sí i, ẹlòmíràn á sì wọ́n omi sí táyà rẹ̀ kí ó lè tu olówó rẹ̀ lára. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní pígín-hóòlù. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé e, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kì í sì í tú ọ̀rá náà títí ọkọ̀ yóò fi gbó. Inú ìwé yìí ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ ìgbà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìtọ́jú sí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sáfíìsì.

Ọ̀rọ̀ sáfíìsì àkọ́kọ́ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ sọ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kan ojú ìwé àwọn obìnrin, kí ó dúró ní ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgàndó ní aago méje òwúrọ̀, kí ó ka iye ìyá tí ó ń wa ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ilé gbígbé àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, èmi kò mọ ohun tí ó ń gbé owó ilé mì tó ọkọ̀ tí a kò tọ́jú. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ètò ìnáwó ilé, a máa ń sọ fún wọn pé iye tí a fi ra nǹkan jẹ́ apá kan iye tí yóò náni. Iye tí a óò fi mú un dúró ni apá kejì.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní agbègbè Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́ wa yìí. Ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn òbí wa tí ó ra ọkọ̀ Ìjàpá nígbà náà mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ó rìn jìnnà kí a tó pa ọ́ìlì rẹ̀ àkọ́kọ́ dà. Ìdí wà fún un. Àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń ha ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi mọ́ ara wọn lára, ìyẹ̀fun irin tí ó bá jábọ́ á sì dà sínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní irú fílítà tí a ní lónìí. Asẹ́ onírin lásán ni ó ní, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò sì ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí asẹ́ náà kò bá mú, inú ẹ́ńjìnnì ni yóò máa yí kiri.

Lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ẹ́ńjìnnì ti mọ́ṣẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, fílítà ọ́ìlì sì ń mú ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ fi sún sáfíìsì àkọ́kọ́ síwájú. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí a gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò ní kìlómítà 1,000. Àwọn mìíràn sọ pé 5,000. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé 10,000. Ìwé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe ìwé ọkọ̀ tiyín, bí ọ̀dà ara méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìlà náà dé òpin, ẹ óò rí i pé kò mọ sí kìlómítà. Oṣù wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, kìlómítà 10,000 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni a máa ń fò.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìwé náà dé ojú ọ̀nà tiwa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní èèyàn tó o. Púpọ̀ nínú èèyàn wọ̀nyí ni ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Ìsọ̀lọ̀ tàbí ní Erékùṣù láàárọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tí ó bá ti há sí oríta Ìkọ̀tún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú láti Akọ́wọ́ńjó dé Dópẹ̀mú, mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, éésì ń fẹ́, epo ń jó, ọ́ìlì ń gbóná, ṣùgbọ́n aago kìlómítà dúró pa sí ojú kan.

Mo fẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, wákàtí 100 ni yóò fi rin kìlómítà 5,000. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 10 péré ni ó ń rìn ní wákàtí kan, bí ó ti sábà máa ń rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa, wákàtí 500 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ kí aago náà tó ka 5,000 kan náà. Ìlọ́po márùn-ún ni ìyẹn. Ẹ sì wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé, irú èyí tí a ń da ọ́ìlì sí nínú lọ́tọ̀. Kò ní kìlómítà rárá, nítorí náà wákàtí ni ìwé rẹ̀ ń kà: ìwé púpọ̀ nínú wọn sọ pé kí a pa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà lẹ́yìn wákàtí 20, kí a sì máa pa á dà ní gbogbo wákàtí 100 lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ, ọ́ìlì rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ní fílítà. Èmi kò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe nínú méjèèjì kò yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín àkàrà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Òróró tí a fi dín àkàrà àárọ̀, tí a tún fi dín dòdò ọ̀sán, tí a sì tún gbé kaná ní alẹ́, á dúdú, á ki, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Kò sí ẹni tí í bèèrè pé báwo ni agbada náà ti rìn jìnnà tó kí ó tó da òróró nù. Bí iná ti pẹ́ tó lábẹ́ rẹ̀ ni a ń wò.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀, ojú ewé kan wà tí ó sọ̀rọ̀ nípa lílo ọkọ̀ nínú ipò líle, sáfíìsì tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ máa ń yá ju ti ojú ewé àkọ́kọ́ lọ. Nínú àwọn mìíràn, ìdajì ni. Kí ni wọ́n ń pè ní ipò líle? Ọkọ̀ tí ó ń dúró tí ó ń lọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ tí ó ń rin ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi ń gbóná dáadáa kí a tó tún pa á. Ọkọ̀ tí ó ń rìn nínú eruku. Ọkọ̀ tí ó ń ru ẹrù wíwúwo. Ọkọ̀ tí ó wà nínú ooru púpọ̀. Mo ka ìlà wọ̀nyí, ẹ̀rín sì pa mí, nítorí ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni òǹkọ̀wé náà jókòó sí. Ìmọ̀ràn mi, nígbà náà, ni pé kí ẹni tí ó bá ń gbé Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó tàbí Ìdímù lo ojú ewé ipò líle. Bí ìwé yín bá sì sọ pé kìlómítà 10,000 tàbí ọdún kan, tí kò sì ní ojú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ bi àwọn tí ó ta ọkọ̀ fún yín bóyá kí ẹ mú un wá ní 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà. N kò tí ì gbọ́ pé ọ́ìlì tuntun tí ó bá ìwé mu ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nítorí pé ó tètè dé.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gba owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi kún èyí tí ó ti ń dá ní àjọ láti ọdún pípẹ́, ó sì ra ọkọ̀ tuntun, tuntun gan-an, kì í ṣe tòkunbọ̀. Kò fi ọkọ̀ náà lọ ibi jíjìn rí: ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ọjà Ìkọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì, ó parí. Ìwé rẹ̀ sọ pé kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà. Ní oṣù kẹsàn-án, aago rẹ̀ kò tí ì ka ju 3,400 lọ, ó sì ń sọ fún ẹni tí ó bá bi í pé, “Kò tíì tó àkókò.” Mẹkáníìkì àdúgbò bá a bu ọ́ìlì kún un lẹ́ẹ̀kan, kò bi í léèrè irú ọ́ìlì wo ni ìwé wí. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi ṣíbí lu abọ́. Wọ́n tú u, wọ́n bá ọ́ìlì tí ó ti di ẹrẹ̀ dúdú níbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ta ọkọ̀ náà fún un lọ, wáráńtì ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ó mú ìwé sáfíìsì wá. Kò sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Apo ara rẹ̀ ni ó fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, gbèsè ẹgbẹ́ tí ó fi ra ọkọ̀ kò sì tí ì dé ìdajì.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ìwé. Wáráńtì jẹ́ àdéhùn, àdéhùn sì ní ojú méjì: wọ́n ṣèlérí láti tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe, àwa náà sì ṣèlérí láti tọ́jú ọkọ̀ ní àkókò tí wọ́n wí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ (2018) fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ohun tí a bá san owó fún, àjọ FCCPC sì wà fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n kí ni a óò gbé síwájú wọn bí kò bá sí rìsíìtì, tí kò sì sí òǹtẹ̀? Ẹ rí i pé ọjọ́, iye kìlómítà, irú ọ́ìlì àti òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà nínú ìwé náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òjò àti ọmọdé.

Kí ọjọ́ sáfíìsì tó dé, ìwọ̀nba ni kí ẹ fi ọkọ̀ tuntun ṣe. Ní kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ má sì sá eré kan náà fún wákàtí gígùn. Kí a rọ ẹbí mẹ́jọ àti ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti lọ bá wọn ṣe òkú ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìfẹ́ sí ẹbí. Kí ẹ sì máa yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tutù. Ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún yọ ọ́. Kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá dúdú, ìyẹn nìkan kò burú. Bí ó bá rí bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti la àgbàrá kọjá.

Níbo ni kí a gbé e lọ? Fún sáfíìsì àkọ́kọ́, àti fún gbogbo ìgbà tí wáráńtì bá fi wà, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ta ọkọ̀ tàbí ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé owó wọn ga ju ti mẹkáníìkì abẹ́ igi lọ. Mo sì mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan wà ní àdúgbò wa tí ọwọ́ wọn mọ́, tí ọgbọ́n wọn sì jinlẹ̀; wáráńtì ni ẹ ń ṣọ́, kì í ṣe wọn ni ẹ ń tàbùkù. Àwọn tí ó ń ta ọkọ̀ mìíràn kì í gba owó iṣẹ́ fún sáfíìsì àkọ́kọ́, owó ọ́ìlì àti fílítà nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí kí ẹ tó san owó ọkọ̀, nígbà tí ẹnu yín ṣì dùn létí wọn.

Ẹ fóònù gba àyè sílẹ̀, ẹ sì lọ ní òwúrọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe kò ju wákàtí díẹ̀ lọ: wọ́n á pa ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ dà, wọ́n á yẹ bíréèkì wò, wọ́n á wo omi redietọ̀, bátìrì, iná àti bẹ́líìtì, wọ́n á tún nọ́ọ̀tì táyà fún. Ẹ ní kí wọ́n yọ fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i, nítorí eruku àwọn òpópónà inú Ìgàndó àti Ìjẹ̀gun lè dí i kí oṣù mẹ́fà tó pé. Fílítà kékeré kan tún wà fún afẹ́fẹ́ tí éésì ń fẹ́ sí inú ọkọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ní ikọ́ fée, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ dúró lé lórí. Ìwé yín yóò sọ nọ́ńbà kan, bí 5W-30 tàbí 0W-20. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ti ga tó ni ọ́ìlì yóò ti ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Àwọn mẹkáníìkì wa tí ó dàgbà sí ìdí ọkọ̀ àtijọ́ fẹ́ràn 20W-50. “Màmá, ooru Èkó pọ̀, èyí tí ó ki ló máa bá yín lò ó pẹ́.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹni kan lọ, òtítọ́ inú ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní tín-ín-rín, ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé ibi tí a ti nílò rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ohun tí ìwé wí ni kí ẹ bá mi dà sí i.” Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ra ọ́ìlì wá fúnra yín, ẹ yẹra fún èyí tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti àwọn yòókù, ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò bóyá ẹnìkan ti ṣí i rí, kí wọ́n sì tú u lójú yín. Ẹ gba fílítà àtijọ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ wò ó; ìyẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n pa á dà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dá lọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ mú ẹnìkan dání. Síbẹ̀ ayé ti ń yí padà. Ní 2004 ni Sandra Aguebor dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹni tí ó bá ti rí obìnrin lábẹ́ ọkọ̀ rí, ojú kò ní tì í láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó bèèrè ọ̀rọ̀.

Púpọ̀ nínú wa, tòkunbọ̀ ni tiwa. Bí a bá pè é ní ọkọ̀ tuntun, tuntun sí ọwọ́ wa ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní oṣù mẹ́fà tí a óò dúró dè. Ọ̀sẹ̀ tí ó wọlé ni sáfíìsì rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí a kò mọ ìgbà tí wọ́n pa ọ́ìlì rẹ̀ dà kẹ́yìn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, a kò sì mọ ohun tí ẹni tí ó tà á fún wa dà sí i kí ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ lọ́jọ́ ìtajà. Ẹ pa gbogbo ọ́ìlì àti fílítà dà, ẹ pa omi bíréèkì dà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun fún un láti ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ti owó ńkọ́? N kò ní dá iye kan, nítorí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín. Ẹ bi wọ́n ní iye tí sáfíìsì àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ra ọkọ̀, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 24, kí ẹ sì máa ju ìpín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kóló tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan. Owó epo kò gbọdọ̀ bá a pọ̀. Epo ń ké lójoojúmọ́, sáfíìsì kì í ké. Ohun tí kò bá sì ké ni owó ọjà máa ń jẹ mọ́ ọn lára.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ délé lẹ́yìn sáfíìsì, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán ọ́ìlì lórí rẹ̀ láàárọ̀, ẹ wọn ọ́ìlì náà kí ẹ tó tan ọkọ̀. Bí kò bá dín, ẹ gbé e padà lọ bá àwọn tí ó ṣe é lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bá yín fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tàbí fílítà. Bí ó bá ti dín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá a nílé. Wọn yóò ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ gíláàsì iwájú, tí kìlómítà sáfíìsì kejì wà lára rẹ̀. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.